Nígbà Tí Ẹ̀gbọ́n Bá Fa Àbúrò Lọ́wọ́ Ní Ilé-Ìwé

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun ni ó wà nínú ìgbésí ayé àwa Yorùbá tí a kò kọ sínú ìwé òfin kankan, tí a kò sì yan olóyè kankan láti máa mójú tó, tí ó sì jẹ́ pé òun gan-an ni ó gbé ilé ró. Ọ̀kan nínú wọn ni ti ọmọ tí ó fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta ju ọmọ mìíràn lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún, ṣùgbọ́n tí ó ń mú àbúrò rẹ̀ lọ sódò, tí ó ń fi ọ̀nà oko hàn án, tí ó ń sọ fún un pé lágbájá ni a ń dọ̀bálẹ̀ kí, tàmẹ̀dò ni a kì í dárúkọ mọ́ lórí, tí ó sì ti kọ́ ọ ní ìdajì ohun tí yóò mọ̀ láyé kí baba àti ìyá tó ti oko dé. Nígbà tí ilé-ìwé wọ ilẹ̀ wa, àṣà yìí tẹ̀lé àwọn ọmọ wọ inú rẹ̀; nígbà tí ó sì débẹ̀ tán, ó là sí ọ̀nà méjì, ọ̀kan di ìrànlọ́wọ́, èkejì di ìnilára. Lónìí, àwọn ilé-ìwé òkè òkun ń náwó nára lórí ètò tí wọ́n fi ń so ọmọ àgbà pọ̀ mọ́ ọmọ kékeré kí ó lè máa tọ́ ọ sọ́nà, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Èrò tèmi ni pé a ti ní i tipẹ́, pé apá kan rẹ̀ ti bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, àti pé àwọn ilé-ìwé ilẹ̀ Ìgbómìnà wà lára àwọn tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ tún un ṣe.

Ẹni tí ó bá gba Ìlá Ọ̀ràngún lọ sí Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún ní ilẹ̀ Ìgbómìnà yóò rí i pé òkè àti gegele nìkan ni ó dá ìlú méjèèjì lẹ́kun, nítorí ọmọ ìyá ni wọ́n: láti Ìlá Yàrà ni àwọn baba ńlá wọn ti pínyà, Ọ̀ràngún sì ni oyè ọba nínú méjèèjì títí di òní olónìí. Ọmọ Ajagúnnlá ni wọ́n, ọmọ akin tí ìtàn sọ pé Odùduwà fi àdá ògbó lé lọ́wọ́ kí ó lè máa fi ọ̀nà hàn án nínú igbó kìjikìji. Òkè-Ìlá ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dayọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun; ilẹ̀ àgbẹ̀ ni, ilẹ̀ òkè àti àpáta, ilẹ̀ tí omi Ayíkúnnugbá ti ń dà wọ̀ọ̀ láti òkè wá. Ṣùgbọ́n bí ó ti rí ní gbogbo ìlú tí ó jìnnà sí títì ńlá, kì í rọrùn kí olùkọ́ pọ̀ tó, kì í sì í rọrùn kí èyí tí ó wá pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá ń retí pé olùkọ́ nìkan ni yóò mọ ibi tí bàtà ti ń ta òun lẹ́sẹ̀ lè retí títí tí yóò fi jáde ìwé.

Ní ìlú yìí kan náà ni Ọba Adédòkun Abọ́lárìn, Ọ̀ràngún ti Òkè-Ìlá, aláṣẹ èkejì òrìṣà, tí ó ti jẹ́ agbẹjọ́rò kí ó tó gorí ìtẹ́ àwọn baba rẹ̀, ti dá ilé-ìwé girama kan sílẹ̀ ní ọdún 2014, tí a ń pè ní Abolarin College, fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó lọ́wọ́, kí wọ́n lè máa kàwé níbẹ̀ láìsan owó ilé-ìwé. Kábíyèsí kò sì fi mọ sí dídá a sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ a máa wọ kíláàsì, a máa dúró níwájú pátákó, a máa kọ́ àwọn ọmọ náà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti yin ọba náà nítorí owó tí ó ń ná, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ̀ mí lára jù ni ti ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́ ẹni tí ó ń dé adé. Ní ilẹ̀ tí a ti mọ̀ pé ọ̀nà jìn láàárín ọba àti ọmọ tálákà, bí ọba bá lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó la ọ̀rọ̀ yé ọmọ tí kò ní nǹkan, kí ni ọmọ kíláàsì karùn-ún yóò rí wí tí yóò fi sọ pé òun ti dàgbà ju ẹni tí í jókòó ti ọmọ kíláàsì kìíní lọ?

Nítorí ọmọ kíláàsì kìíní ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ẹ wò ó bí ó ti ń ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bọ̀: ní ibi tí ó ti wá, olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n, tí ó mọ orúkọ ìyá rẹ̀, tí ó mọ̀ pé ọjọ́ ọjà ni kì í tètè dé, òun pẹ̀lú sì ni àgbà níbẹ̀, òun ni ó ń lu agogo, òun ni ó ń to àwọn kéékèèké sí ìlà. Láàárín ìsinmi kan ṣoṣo, ó di ẹni tí ó kéré jù ní ilé-ìwé tuntun, olùkọ́ kan ń wọlé bí òmíràn ti ń jáde, iṣẹ́ tí ó ń kọ́ ti lé ní mẹ́wàá, èdè tí wọ́n sì fi ń kọ́ ọ ti di Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé. Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú. Ohun tí ó ń wò ní iwájú ni ẹni tí yóò gbé e dìde; bí kò bá sì sí ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ ibẹ̀ ni yóò jókòó sí. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó kúrò ní ilé-ìwé ni owó lé kúrò. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí ìṣirò kọ́kọ́ dojú rú mọ́ ọn lójú, tí ó wo ọ̀tún tí ó wo òsì tí kò rí ẹni tí òun lè bi léèrè láìjẹ́ pé wọ́n fi òun ṣẹ̀sín, ni ọkàn rẹ̀ ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó kù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀lé e.

Mo ti fi ojú ara mi rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ó rí ẹni gbé e dìde, ní ilé-ìwé kan ní agbègbè náà, ní àkókò ìsinmi ọ̀sán. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá jókòó lábẹ́ igi, ìwé ìṣirò wà lórí eékún rẹ̀, yíǹkì pupa sì ti fa igi lu ohun tí ó kọ. Wọ́n ní kí ó ro ìdajì pọ̀ mọ́ ìdá mẹ́rin. Ó ro ọ̀kan ti òkè mọ́ ọ̀kan, ó di méjì, ó ro méjì ti ìsàlẹ̀ mọ́ mẹ́rin, ó di mẹ́fà, ó sì kọ ìdá méjì nínú mẹ́fà. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì karùn-ún, tí ó ń kọjá lọ mu omi, dúró. Kò bú u. Ó wọ àpò, ó mú obì àbàtà kan jáde, obì aláwẹ́ mẹ́rin, ó sì pa á.

“Awẹ́ mélòó ni?”

“Mẹ́rin ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Bí mo bá fún ọ ní ìdajì rẹ̀ ńkọ́?”

Ọmọ náà ka awẹ́ méjì sí ọwọ́ ọ̀tún.

“Tí mo bá tún fún ọ ní ìdá mẹ́rin rẹ̀?”

Ó mú awẹ́ kan kún un. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo awẹ́ kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́ kù lórí ìwé, kò sì dúró kí wọ́n tún bi òun léèrè: “Ẹ̀gbọ́n, mẹ́ta nínú mẹ́rin ni!” Ó fi bírò fa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ó kọ èyí tí ó tọ́, àwọn méjèèjì sì pín obì náà jẹ. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju bí ẹni mu omi lọ, èdè Ìgbómìnà tí ìyá wọn fi bí wọn ni wọ́n sì fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo ti ronú sí i pé kí ni ó jẹ́ kí ọmọbìnrin yìí rí ohun tí ẹni tí ó fi yíǹkì pupa fa igi kò rí. Èkíní ni pé kò tíì pẹ́ tí òun pẹ̀lú kọjá níbẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ la odò kọjá mọ ibi tí òkúta ti ń yọ̀, ẹni tí ó ti wà ní òdìkejì láti ogún ọdún ti gbàgbé. Èkejì ni pé ojú kì í ti ọmọ níwájú ẹni tí ó lè pè ní ẹ̀gbọ́n tó bí í ti í tì í níwájú àgbàlagbà. Ẹ̀kẹta ni èdè. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ní Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn rárá, pé wọ́n tilẹ̀ ta àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ. Ìjọba kan lọ, òmíràn dé, ẹ̀kọ́ náà kò tíì di ti gbogbo ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tí ń kọ́ àbúrò rẹ̀ lábẹ́ igi kò nílò àṣẹ ìjọba kí ó tó sọ èdè tí yóò yé e.

Kò sí ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan ní ilẹ̀ wa tí kò dúró lórí ìpìlẹ̀ yìí, pé kí ẹ̀gbọ́n máa kọ́ àbúrò. Ẹni tí ó bá ti kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ilé kéú yóò ti rí i pé àlùfáà kan ṣoṣo lè ní ogójì ọmọ níwájú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń gbọ́ wàláà gbogbo wọn. Àwọn tí ó ti jìnnà nínú Kùránì ni ó ń kọ́ àwọn tí ó ṣì wà ní alífà, àlùfáà a sì máa fi etí kan gbọ́ gbogbo rẹ̀, kí ó lè mọ ẹni tí ó ṣi í. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ awo pẹ̀lú ń ṣe: ẹni tí ó ti mọ odù dé ibi kan ni ó ń gbé e sí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́nu, ní òru, nígbà tí olúwo ti sùn. Nínú ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ, ti télọ̀ àti ti mẹkáníìkì, ọ̀gá kì í kọ́ ọmọ tuntun bí a ti ń di irin mú. Ọmọ iṣẹ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba fúríìdọ̀ọ̀mù ni ó ń kọ́ ọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, a sì lè fi kún un pé àwọn tí ó wà láàárín, tí wọn kì í ṣe ọmọdé, tí wọn kò sì tíì di àgbà, ni ó ń gbé ọgbọ́n náà láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì.

Ìwé kíkà tí àwọn òyìnbó mú wá pàápàá, ọ̀nà yìí ni ó gbà wọlé. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Andrew Bell ń ṣe àbójútó ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Madras ní ilẹ̀ Íńdíà. Ó rí àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ń fi ìka kọ lẹ́tà sórí iyanrìn, ó sì fẹ́ kí àwọn olùkọ́ tirẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ̀. Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó mú ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tí ń jẹ́ John Frisken, ó ní kí ó máa fi iyanrìn kọ́ àwọn tí ó kéré sí i. Ọmọ náà ṣe é ju àwọn tí ó kọ̀ lọ. Láti ibẹ̀ ni ètò mọ́nítọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tí Joseph Lancaster pẹ̀lú mú gbòòrò ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1798, tí àwọn míṣọ́nnárì sì gbé dé Sàró. Ní Sàró ni ọmọ Yorùbá kan wà tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní 1822. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fojú kan ilé-ìwé, ó lọ tọrọ ààbọ̀ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ kí ó lè ra káàdì ABC tirẹ̀; láàárín oṣù mẹ́fà ó ti mọ ìwé kà, wọ́n sì fi í ṣe mọ́nítọ̀ lórí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń san kọ́bọ̀ méje àtààbọ̀ fún un lóṣù. Orúkọ ọmọ náà ni Àjàyí. Kí ó tó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Crowther, kí ó tó tú Bíbélì sí èdè tí gbogbo wa ń kọ lónìí, iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ gba owó rẹ̀ ni ti ọmọ tí ń kọ́ ọmọ.

Ètò mọ́nítọ̀ ní àbùkù tirẹ̀, a kò gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó di pé ọmọ kan ń darí ọgọ́rùn-ún ọmọ láti fi owó olùkọ́ pamọ́, ẹ̀kọ́ di àkọ́sórí lásán bí ti ayékòótọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn sì pa á tì nígbà tí ó yá. Àwa náà ti rí ohun tí ó jọ ọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà kọjá 800,000, olùkọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí kò kárí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n jáde ìwé ni a sì fi ẹfun lé lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú wọn ṣe iṣẹ́ ribiribi, mo sì kí wọn. Ṣùgbọ́n fífi ọ̀dọ́ dípò olùkọ́ yàtọ̀ sí fífi ẹ̀gbọ́n ti olùkọ́ lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fẹ́ fi ìtọ́nà láàárín ọmọ ṣe àwáwí pé kí ìjọba má gba olùkọ́ mọ́, kò fẹ́ ire fún Òkè-Ìlá.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nítorí ìlú tí kò jìnnà púpọ̀ sí Òkè-Ìlá ni, ìtàn rẹ̀ sì kan ọ̀rọ̀ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ lọ. Ní ọdún 1956 ni dókítà òyìnbó kan, David Morley, dé ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó yan Ìmẹ̀sí-Ilé láti fi wádìí ìdí tí àwọn ọmọ kéékèèké fi ń kú bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì sì ń tẹ̀lé àwọn ọmọ tí a bí ní ìlú náà, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń kọ ìwọ̀n wọn sórí káàdì tí ìyá fúnra rẹ̀ yóò mú lọ sílé pamọ́. Káàdì yẹn ni ó di èyí tí àwọn ìyá ń lò káàkiri ayé lónìí, èyí tí ó ń fi hàn bóyá ọmọ ń dàgbà bí ó ti yẹ. Kò sí bí ẹni tí ó gbé láàárín wa fún ọdún mélòó kan, tí ó sì ní ojú inú, yóò ti ṣe tí kò ní rí ẹni tí ó ń gbé ọmọ náà kiri láti àárọ̀ tí ìyá ti lọ sí oko: ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ, ọdún mẹ́sàn-án, tí ó fi ìró pọn àbúrò rẹ̀, tí ó ń fún un ní ẹ̀kọ mu, tí ó ń nu ikun imú rẹ̀.

Ní ọdún 1978, ní Lọ́ńdọ̀nù, Morley yìí kan náà àti olùkọ́ni kan tí ń jẹ́ Hugh Hawes dá ètò kan sílẹ̀ ní ìmúrasílẹ̀ fún Ọdún Àwọn Ọmọdé Lágbàáyé, 1979, wọ́n sì pè é ní Child-to-Child. Ohun tí ètò náà wí kò le: bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ni ó ń tọ́jú àbúrò ní tòótọ́, ẹ jẹ́ kí ilé-ìwé kọ́ ẹ̀gbọ́n náà ní ohun tí yóò fi tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé bí a ti í po omi, iyọ̀ àti ṣúgà ní ìwọ̀n tí ó yẹ fún àbúrò tí ìgbẹ́ gbuuru ń dà láàmú. Ní ìletò kan ní Mẹ́síkò, akèrègbè ni wọ́n fi ṣe ọmọ: wọ́n gé òkè rẹ̀, wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó, wọ́n lu ihò sí ìdí rẹ̀, wọ́n fi nǹkan dí i, wọ́n sì rọ omi kún un títí tí omi fi kan aṣọ. Bí ọmọ ilé-ìwé bá ti fa ìdérí ìdí yọ, tí omi ń ṣàn, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i tí aṣọ orí akèrègbè ń rì wọlé, gẹ́gẹ́ bí àwùjẹ̀ ọmọ ọwọ́ ti í rì nígbà tí omi bá tán lára rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní dúró kí wọ́n tó pè é kí ó tó sáré po omi náà. Ètò yìí ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà àti Éṣíà. Èmi kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé Ìmẹ̀sí ni irúgbìn rẹ̀ ti jáde. Ṣùgbọ́n mo gbà gbọ́ pé ohun tí ọmọbìnrin abọ́mọlẹ́yìn ti ilẹ̀ wa ń ṣe láìgba ọpẹ́ wà lára ohun tí ọkùnrin náà gbé lọ sílé.

Nítòsí wa bákan náà, ẹgbẹ́ Association for Reproductive and Family Health ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn alábàáṣe wọn, fi ọ̀dọ́ kọ́ ọ̀dọ́ ní Nàìjíríà àti Gánà láti 1994 sí 1997 nípa ara wọn àti àrùn tí ó ń gba ìbálòpọ̀ ràn, ìmọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sì ga ju ti àwọn tí ètò náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn agùnbánirọ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNICEF, ń lọ láti ilé-ìwé girama dé ilé-ìwé girama, tí wọ́n ń yan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sì ń kọ́ wọn kí wọ́n lè kọ́ ẹgbẹ́ wọn nípa àrùn éèdì. Àwọn tí ó ṣe ètò wọ̀nyí mọ ohun kan tí òbí kì í fẹ́ gbà: ọ̀rọ̀ wà tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò lè bi ìyá rẹ̀, tí kò lè bi olùkọ́, tí yóò sì bi ẹni tí ó jù ú lọ díẹ̀, yálà ẹni yẹn mọ ìdáhùn tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ó kù sí wa lọ́wọ́ kí ẹni tí yóò bi ti mọ̀ ọ́n.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti korò. Ọ̀nà kejì tí àṣà yìí gbà, èyí tí ó di ìnilára, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ilé àwọn ọmọ ilé-ìwé rí. Níbẹ̀ ni ọmọ tuntun ti ń jí ní agogo mẹ́rin òru láti pọn omi tí síníọ̀ yóò fi wẹ̀, tí ó ń fọ aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí gàárì àti ṣúgà tí ìyá rẹ̀ fi owó àdáwìn rà ń tán kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí, tí ó sì ń kúnlẹ̀ nínú oòrùn gbé ọwọ́ sókè nítorí pé ó kí ẹni kan tí kò kí ẹnìkejì. Àwọn ilé-ìwé ńláńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ irú ìwà yìí dáadáa, ìwé àti òun sì jọ wọ ọkọ̀ kan náà dé ọ̀dọ̀ wa ni. Ṣùgbọ́n a ti gbà á tọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn baba kan fi ń sọ pé òun ni ó sọ àwọn di ọkùnrin. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Ọmọ tí a lù kì í kọ́ ohun mìíràn ju bí a ti í lu ọmọ lọ, ọdún tí ó bá sì di síníọ̀ ni yóò san gbèsè náà lára ẹni tí kò jẹ ẹ́. Àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́, bí a bá sì so ọmọ kékeré mọ́ ọmọ àgbà láìwádìí ìwà rẹ̀, a ti so ó mọ́ ajá.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì hàn sí mi gedegbe. Níbi tí ó ti jẹ́ ìrànlọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n ni ó ń fúnni, àgbà kan sì ń wò ó. Níbi tí ó ti jẹ́ ìnilára, ẹ̀gbọ́n ni ó ń gbà, kò sì sí ojú àgbà níbẹ̀. Àlùfáà ilé kéú fi etí kan gbọ́. Nọ́ọ̀sì Ìmẹ̀sí wo káàdì. Ṣùgbọ́n ní ilé àwọn ọmọ tí mo sọ, lẹ́yìn tí iná bá ti kú, ta ni ó wà níbẹ̀? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé tí ó bá sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún pírífẹ́ẹ̀tì láti àṣálẹ́ di àárọ̀ ti kúrò lọ́jà nìyẹn.

Àwọn òbí mìíràn yóò bínú, wọn yóò ní, “Ṣé kí ọmọ mi lè máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni mo ṣe rán an níwèé, nígbà tí WAEC ń bọ̀ wá bá a?” Ọ̀rọ̀ wọn kò burú, ìfẹ́ ọmọ ni ó ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní 1982, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Cohen àti àwọn Kulik méjì, kó ìwádìí 65 jọ lórí ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe ẹni tí a ń kọ́ nìkan ni ó ń jèrè. Ẹni tí ń kọ́ni pẹ̀lú ń mọ iṣẹ́ náà sí i, ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí i. Olùkọ́ èyíkéyìí lè jẹ́rìí sí i láìka ìwé kankan. Ìgbà tí o bá fẹ́ la ohun kan yé ẹlòmíràn ni wàá mọ̀ pé kò yé ìwọ alára tó, tí wàá sì padà lọ wá ìdí rẹ̀. Ọmọbìnrin olóbì yẹn kò ní ṣi ìdá mẹ́rin ṣe mọ́ títí ayé rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè ní kí a fi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ yìí dípò ọmọ. Ní ọdún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pín ẹ̀rọ Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama, pẹ̀lú ìwé àti ìbéèrè ìdánwò nínú rẹ̀. Èrò rere ni, orúkọ rẹ̀ sì dùn létí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ́n kò lè wo ojú ọmọ kí ó mọ̀ pé ebi ni ó ń pa á, pé kì í ṣe ìṣirò ni ó le. Ẹ̀gbọ́n lè mọ̀ ọ́n.

Bí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ìlá àti ní Ìlá, irinṣẹ́ kò wọ́n wa. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wà ní Ìlá Ọ̀ràngún, Osun State College of Education, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ a sì máa lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní àwọn ilé-ìwé. Kí a fi bí a ti í ṣe àbójútó ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kún ohun tí wọn yóò dánra wò. Kí ilé-ìwé yan àwọn ẹ̀gbọ́n láti kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún, kí ó má ṣe jẹ́ àwọn tí ó mọ̀wé jù nìkan, nítorí ẹni tí ìwé kò le fún rí kì í mọ bí ó ti ń le. Kí a bi àwọn ọmọ kéékèèké pàápàá pé ta ni wọ́n lè sún mọ́. Kí ẹ̀gbọ́n kan má ní ju àbúrò méjì lọ. Kí ọmọbìnrin máa tọ́ ọmọbìnrin, ọmọkùnrin kí ó máa tọ́ ọmọkùnrin, níbi tí òbí bá ti ń bẹ̀rù, kí ìpàdé wọn sì máa wáyé ní gbangba, lábẹ́ igi tàbí nínú kíláàsì tí fèrèsé rẹ̀ ṣí, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ó jẹ́ òfin, kí a kọ ọ́ gàdàgbà sí ara ògiri, pé ẹ̀gbọ́n kò gbọdọ̀ rán àbúrò níṣẹ́, kò gbọdọ̀ gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá rú u, kí a gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ọmọ. Kí ẹ̀gbọ́n sì mọ ọ̀rọ̀ tí kò gbọdọ̀ dá gbé: bí àbúrò bá sọ pé wọ́n ń lu òun nílé, tàbí pé àgbàlagbà kan ń fi ọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni kí ó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìwé tí ètò náà nílò kò ju ìwé àjákọ kan lọ fún ẹ̀gbọ́n kọ̀ọ̀kan. Ní ojú ewé kìíní, orúkọ àbúrò méjèèjì. Ní àwọn ojú ewé tí ó tẹ̀lé e, ọjọ́ tí wọ́n pàdé, ohun tí kò yé àbúrò, àti ohun tí wọ́n fi là á yé e. Ní ọjọ́ Jímọ̀, olùkọ́ tí ó wà nídìí ètò náà yóò gbà á, yóò kà á, yóò sì bá olùkọ́ ìṣirò tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ bí ó bá rí i pé ọmọ mẹ́wàá ni ohun kan náà kò yé. Ní òpin ọdún, kí a ka orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n wọ̀nyí sí etígbọ̀ọ́ òbí ní ọjọ́ ẹ̀bùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ó gba ipò kìíní, kí a sì pe àwọn àbúrò wọn dìde dúró nígbà tí a bá ń kà á.